Koríko Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Lọ́dún tí òkun bì sí wa ní Gbẹ̀rẹ́fú,
a jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, a ò rí yanrìn mọ́.
Koríko ni, pupa rúsúrúsú,
ó so hóró róbótó-róbótó,
tó o bá tẹ̀ ẹ́, á dún pá! lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀.
Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta
ó ti ń rùn bí ẹyin tí àgbébọ̀ pa tì.

Bọ̀dá Whẹ́sù fa àwọ̀n, ó fà, ó fà.
Sáwá mẹ́ta péré,
koríko kún inú ọkọ̀ títí dé ibi ìjókòó.
Ó ṣíjú wo omi, kò bú u.
Ó kàn bèèrè pé, "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Àgùntàn mọ́kànlá ni màmá mi ń sìn lábẹ́ àgbọn.
Abo kan wà nínú wọn tí etí rẹ̀ kan gé,
Jókòójẹ́ẹ́ là ń pè é; kò jókòó rí.
Òun ló kọ́kọ́ já okùn,
òun ló kọ́kọ́ ti ẹnu bọ ìdọ̀tí òkun.
Màmá mi gbá tẹ̀lé e tòun ti ìgbálẹ̀,
ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró.
Ẹran náà ń lá a, ó ń lá a,
bí ọmọ tó rí ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀.

Làwọn aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀:
"Àgùntàn tó bá ajá rìn, a mọ ohun tí yóò jẹ.
Èyí tó bá òkun rìn ńkọ́, Ìyá Sènápọ́n?"
Màmá mi ò fèsì.
Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọpọ́n lọ sí etíkun.

Ẹ wá wo iṣẹ́.
Omi kànga ló fi fọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì,
lẹ́ẹ̀kẹta, ó tọ́ omi ìfọ̀ náà wò, ó tutọ́,
ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan.
Ó sá a sórí tapólì tó ti ya,
ó gún un lódó,
ó dì í sínú àpò gàrí mẹ́rin.

Kò ṣàìṣì í.
Ó kọ́kọ́ bu abọ́ kan kún, ó ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ àgùntàn kan ṣu omi títí ilẹ̀ fi mọ́,
orí ẹsẹ̀ màmá mi ló sùn sí.
Láti ìgbà náà ló ti di ìkúnwọ́ kan
nínú agbada èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti èérí àgbàdo.
Ìkúnwọ́ tirẹ̀ o, kì í ṣe tèmi;
ó ní ọwọ́ mi ti tóbi jù fún iyọ̀.
Dókítà ẹran sọdá wá, ó wò wọ́n lẹ́nu, ó wò wọ́n lójú,
ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó ju báyìí lọ.
Kì í ṣe gbogbo ohun tí òkun gbé mì la mọ̀."

Ọyẹ́ dé.
Ìhà àgùntàn ilé kejì ṣeé kà láti òkèèrè.
Jókòójẹ́ẹ́ bí ìbejì,
wàrà ń kán lọ́mú rẹ̀ sórí yanrìn.
N ò sọ pé koríko yẹn nìkan ni.
Màmá mi náà ò sọ bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Whẹ́sù dé lálẹ́, igbá lábẹ́ abíyá,
ó ń kí wa ju bó ṣe yẹ lọ:
ó ní àgbò méjì nílé.

Lọ́dún yìí, òkun mọ́ tónítóní.
Etíkun funfun bí ẹ̀kọ.
Àwọ̀n ń gbé ẹja, àwọn èèyàn ń dúpẹ́.
Màmá mi dúró létí omi pẹ̀lú ọpọ́n òfìfo,
kò mọ èyí tí yóò tọrọ:
ohun tó bọ́ ẹran rẹ̀ ló ya àwọ̀n aládùúgbò.
Ìgbì ń fẹ̀yìn rìn bí àgbò.
A mọ̀ pé kò sá, agbára ló lọ mú wá;
a ò mọ ẹni tó lọ mú un wá fún.
Jókòójẹ́ẹ́ sún mọ́ mi, ó lá ọwọ́ mi,
ó lá a títí dé ìgbúnwọ́.